Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: "Bike" Wo Ni Olùdánwò Ń Sọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. 5.5 ni mo gbà nínú abala sísọ̀rọ̀ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, 6.5 ni mo sì ń wá. Wọ́n bi mí bóyá mo ní "bike" nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dáhùn pé: "Yes, I am having bike when I was small. My daddy buy it for me. I am driving it every day. It is very nice." Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀? Òǹkàwé, Ṣómólú.

Ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ̀yin tiẹ̀ gbọ́ ìbéèrè náà yé, ohun ńlá sì nìyẹn. Ní Èkó, bí èèyàn bá ní òun gun "bike" wá láti Ojúẹlẹ́gbà, ọ̀kadà ló ń sọ. "Kẹ̀kẹ́" pàápàá ti di Màrúwà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò yìí, kẹ̀kẹ́ tí a ń fẹsẹ̀ wà ni "bike" sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọlọ́kadà ti yà bàrá. Ẹ fi "bicycle" sínú gbólóhùn àkọ́kọ́ kí ọ̀rọ̀ lè dájú. Bí kò bá yé yín, ẹ béèrè: "Sorry, do you mean a bicycle or a motorcycle?" Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Àṣìṣe yín gan-an wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Bàbá mi rà á lánàá, bàbá mi rà á ní ogún ọdún sẹ́yìn, "rà" kan náà ni ní Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí ahọ́n fi ń gbàgbé "bought". "Having" náà kò tọ̀nà, torí "have" tó bá jẹ́ ti ohun ìní kì í gba "-ing". "I had a bicycle" ni, kí "a" náà má sì já sílẹ̀.

Ní ti "driving": a ń wa mọ́tò, a ń wa ọ̀kadà, a ń wa kẹ̀kẹ́, "wà" kan ṣoṣo ló gbé gbogbo wọn. Òyìnbó pín in sí méjì. Èyí tí a jókòó sínú rẹ̀, "drive". Èyí tí a la ẹsẹ̀ lé lórí, "ride". Ẹ fi "gùn" yẹ̀ ẹ́ wò: bí a ṣe ń gun ẹṣin la ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, "ride" sì ni ti méjèèjì. "Ride, rode, ridden" ni ó ń tò. Ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà kan tí ẹ kò ṣe mọ́, "I used to ride" ni.

"Very nice" kò sọ ohunkóhun fún ẹni tó ń gbọ́. Ẹ gbìyànjú irú èyí: "Yes, I did. My father bought me a second-hand bicycle when I was about eight. The chain kept coming off, so I usually came home with grease on my hands." Gbólóhùn mẹ́ta péré, ó sì tó fún abala kìíní ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń bi yín nípa ara yín. Ẹni tó gbọ́ ọ ti rí ọmọ kan tí gíríìsì dú lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí "coming off" yẹn: torí a máa ń ní "ṣéènì yọ", ọ̀pọ̀ wa a sọ pé "the chain removed", kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà, "I dropped at Yaba" kò yé àlejò. "I got off at Yaba" ni. "Okada carried me" náà, ẹ sọ ọ́ di "I took a motorcycle taxi". Táyà tó jò, "I had a puncture".

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò, iye kan náà sì ni wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì so mọ́ra, irú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò, gírámà, àti ìpè. Gírámà àti ọ̀rọ̀ lílò ni ìdáhùn yín ti jìyà jù.

Wọ́n fún mi ní káàdì pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí mo kọ́. Mo mú gígun kẹ̀kẹ́, àmọ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Òǹkàwé, Èbúté Mẹ́ta.

Abala kejì nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fún yín láti ronú, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ ó wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń tètè tán lẹ́nu wọn, gbólóhùn gígùn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Àkókò a sì tán lórí méjì péré. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ni kí ẹ kọ, bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra: "cousin, street, saddle, wobble, gutter, knee, let go, brake". Gbólóhùn méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́rìndínlógún. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá méje, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ má ṣe há a sórí. Ohùn ẹni tó ń ka àkàtúnkà máa ń yàtọ̀, olùdánwò á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìtàn jẹ́ ọ̀kan, kí gbólóhùn yàtọ̀. Bí wọ́n bá dá yín dúró nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé, ẹ má fòyà, kò dín máàkì kù.

Ṣé ó di dandan kí n máa fọ̀ bí òyìnbó? Òǹkàwé, Mushin.

Rárá o. Kí ó ṣáà yéni ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà a máa ń fi fáwẹ̀lì kún un, "bike" a di "báìkì". Ẹ gé e síbi "k". Ẹ má sì jẹ́ kí "h" ṣubú kúrò nínú "helmet". Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú: àárín "bicycle" ń dún bí "sì", ti "motorcycle" ń dún bí "sáì".

Tí wọ́n bá béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Òǹkàwé, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Abala kẹta nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ìtàn ara yín. Ẹ dáhùn, ẹ sọ ìdí, kí ẹ wá sọ ibi tó kù sí. Èkó ti fún yín ní ohun tí ẹ ó sọ: Third Mainland Bridge gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, kò sì sí ojú ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. "It is cheap and it cuts pollution. In Lagos, though, many people live on the mainland and work on the Island, and the Third Mainland Bridge has no lane for cyclists. If there were separate lanes, more people would probably try it." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, "if there were... would", irú gírámà tó ń gbé máàkì sókè ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́nu ba òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí Lagos Island àti Lagos Mainland wà lára wọn, ẹ kọ́kọ́ sọ pé "okada, which is what we call a motorcycle taxi". Ẹni tó ń gbọ́ yín lè má dé Èkó rí.