Ìròyìn nìkan kò tó, wá ìwé ìwádìí náà gan-an

Àbúrò mi, o ní o ka ìròyìn kan nípa oògùn tó ń wo àìsàn ìgbàgbé, o wá ìwádìí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí, o ò rí i, èyí tó o sì rí, owó ni wọ́n ń béèrè. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi ti rí fún ọ.

Nígbà tí mò ń kọ ìwé àṣekágbá mi, mo gbé odindi orí kan ka ìwádìí kan ṣoṣo. Inú ìròyìn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo wá ìwé náà rí, mo gbà á sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń lò ó lọ. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò, ọ̀kan nínú wọn yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ìwé yẹn náà ni, àmọ́ wọ́n ti fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ RETRACTED sójú ewé kọ̀ọ̀kan. Jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) tó tẹ̀ ẹ́ ti fà á sẹ́yìn láti ọdún tó ṣáájú, ìyẹn ni pé kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ̀dà tèmi ò ní àmì kankan, torí kí wọ́n tó fà á sẹ́yìn ni mo ti gbà á sílẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi tún orí yẹn kọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ní May 22, 2020, jọ́nà Lancet gbé ìwádìí kan jáde nípa oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní hydroxychloroquine àti àrùn Kòrónà. Ìròyìn náà gba ayé kan, kódà Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò oògùn náà dúró fúngbà díẹ̀. Nígbà tó fi máa di June 4, wọ́n ti fà á sẹ́yìn, torí pé kò sẹ́ni tó lè fìdí àkọsílẹ̀ tí wọ́n lò múlẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá ti ka ìròyìn tán, DOI ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nísàlẹ̀ rẹ̀: nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé ìwádìí ni, 10 ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kọ doi.org/ síwájú rẹ̀, ojú ìwé náà gan-an ló máa gbé ọ lọ. Bí kò bá sí, mú orúkọ ẹni tó ṣe ìwádìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tó wúwo nínú rẹ̀ lọ sí Google Scholar, ìyẹn Google tó ń wá ìwé àwọn onímọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, PubMed ni kó o lọ, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí ìlera ni, ọ̀fẹ́ ni látọdún 1997, ó sì máa ń sọ fún ọ bí wọ́n bá ti fa ìwé kan sẹ́yìn. Àkójọ àwọn ìwé tí wọ́n ti fà sẹ́yìn, tó jẹ́ ti Retraction Watch, náà wà, Crossref, àjọ tó ń forúkọ DOI sílẹ̀, ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé látọdún 2023. Má tọ́ka sí ìwé kankan láìkọ́kọ́ wò ó níbẹ̀, mo bẹ̀ ọ́.

Ṣọ́ra fún EurekAlert!, ìkànnì tí wọ́n ti ń kéde ìwádìí tuntun fún àwọn oníròyìn. Ó wúlò gan-an, àmọ́ iléeṣẹ́ tàbí yunifásítì tó ṣe ìwádìí ló máa ń kọ ohun tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń polówó ọjà sì nìyẹn. Èyí tó o bá rí lórí arXiv tàbí medRxiv, níbi táwọn onímọ̀ ti ń gbé iṣẹ́ wọn síta kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́, ńkọ́? Kà á, ṣùgbọ́n fi sọ́kàn pé àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn lè má tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti owó, má tíì san kọ́bọ̀. Wò ó nínú PubMed Central, níbi tí odindi ìwé ìwádìí ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kó o fi Unpaywall, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́, sórí ẹ̀rọ rẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ ìméèlì sí ẹni tó kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ sí obìnrin kan, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti fi ìwé náà ránṣẹ́, pẹ̀lú méjì mìíràn tí n ò béèrè. Inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ wọn.

Bó o bá rí ìwé oògùn ìgbàgbé yẹn, fo ìfáárà, lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Wò ó bóyá èèyàn ni wọ́n fún ní oògùn náà tàbí eku, kó o sì ka iye wọn. Bó ò bá rí i, fi orúkọ jọ́nà náà ránṣẹ́ sí mi, n óò bá ọ wá a lálẹ́ òní.