Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti yọ àwọn nǹkan kan kúrò nínú Tom and Jerry tí à ń wò ní kékeré?

Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ò ṣìran. Ilé sinimá ni wọ́n ti ń fi í hàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1940, tàgbà tèwe ló sì ń wò ó. Ìgbà tó di ti ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n ni wàhálà dé. Ní 2006, wọ́n fẹjọ́ sùn ní Ìlú Ọba, ni wọ́n bá gé ibi tí wọ́n ti ń fi sìgá ṣe fáàrí.

Yẹ̀yẹ́ aláwọ̀ dúdú ló burú jù. Irú ẹ̀ náà ló mú kí United Artists, ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti pín wọn fún tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn, kó káàtúùnù mìíràn mọ́kànlá tí Warner Bros. ṣe kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968. Ní Kubwa níbí, ẹ̀rín la máa ń rín bí ojú Tom bá dúdú lẹ́yìn tí nǹkan bú gbàù. A ò mọ̀ pé àwa gan-an ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Òòlù lórí ológbò ṣì wà níbẹ̀ ṣá.