Kí Ló Ń Mú Òdòdó Aṣálẹ̀ Jẹrà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin Adenium mi, ìyẹn òdòdó aṣálẹ̀. Ní oṣù keje yìí, ìdí rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé, Kabba

ÌDÁHÙN: Omi ló fẹ́ pa á. Ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ni igi kúkúrú yìí ti wá, láàárín òkúta, iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún, níbi tí òjò kì í ti í ju oṣù 3 sí 4 lọ. Ní Kabba, ó ń lọ bí oṣù 7. Ìdí wíwú yẹn ni àmù rẹ̀. Omi ló tọ́jú síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ń tutù ṣáá, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́.

Ẹ hú u lónìí. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ibi tó rọ̀ kúrò, títí ẹ ó fi kan ara tó le, tó funfun. Ẹ ṣọ́ra fún oje rẹ̀, májèlé ni. Wọ́n ń fi ṣe oró ọfà. Ẹ gbé e síbòòji fún ọjọ́ 5 sí 7 kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ẹ po iyanrìn odò oníhóró agolo 2 mọ́ ilẹ̀dú agolo 1, nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, kí ẹ sì tún un gbìn síbẹ̀. Ẹ má bomi sí i fún ọ̀sẹ̀ 1. Lẹ́yìn náà, ó di ìgbà tí iyanrìn bá gbẹ dénú.

Bí ewé rẹ̀ bá wọ́ lásìkò ọyẹ́, ó ń sinmi ni. Ẹ má tìtorí ìyẹn rọ omi lé e lórí.