Ìpara tí ó ń dá ara yíyún dúró kọ́ ni ó ń wo làpálàpá sàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin. Ẹ ní làpálàpá ti wà ní ìbàdí àti abẹ́ ọmú yín láti ìgbà òjò, pé ìpara tí ẹ rà ní kẹ́míìsì máa ń mú un rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dá a dúró, yóò tún yọ, yóò sì fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ tún ní irun ti ń ré kúrò ní ojú ibì kan lórí ọmọ yín ọkùnrin. Ìpara tí ó le ju èyí tí ẹ ń lò lọ ni ẹ ń béèrè. Èmi tí làpálàpá bá gbé pẹ́ ní àárín itan rọ̀ yín pé kí ẹ má wá èyí tí ó le jù ú. Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn túùbù tí ó wà lọ́wọ́ yín wò, kí ẹ sì ka orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí orúkọ mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní lè jẹ́ clotrimazole tàbí ketoconazole, èyí tí ó ń pa làpálàpá ní tòótọ́. Èkejì lè jẹ́ neomycin tàbí gentamicin, èyí tí ó wà fún kòkòrò bakitéríà tí ó ń mú kí egbò kẹ̀, tí kò sì lè fọwọ́ kan làpálàpá rárá. Ẹ̀kẹta gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́ ibi: betamethasone tàbí clobetasol. Sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tí ó ń mú wíwú àti yíyún rọlẹ̀, ni àwọn méjèèjì, clobetasol yìí kan náà sì ni àwọn kan ń yọ́ pò mọ́ ìpara ìbóra kí awọ lè tètè mọ́.

Làpálàpá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà kan ti máa ń sọ. Ìbátan èbu tí ó máa ń hù lára búrẹ́dì ni, oúnjẹ rẹ̀ sì ni òkè awọ wa tí ó ti kú, irun àti èékánná. Bí ó ti ń jẹ lọ síwájú ni ara ń bá a jà, ìjà náà ni ó ń fa yíyún, èépá funfun àti etí rẹ̀ tí ó ga díẹ̀, nígbà tí àárín rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó ti ń jiná. Sítẹ́rọ́ìdì a máa mú kí ara jáwọ́ nínú ìjà yẹn. Yíyún yóò dáwọ́ dúró, etí rẹ̀ yóò tẹ́, inú ẹni tí ó ni ara yóò dùn, ṣùgbọ́n làpálàpá ń jẹun rẹ̀ lọ láìsí ẹni tí ó ń dí i lọ́wọ́, clotrimazole tí ó wà nínú túùbù kan náà kì í sì í sábà lè dá borí rẹ̀.

Ní tèmi, ẹni tí ń ta oògùn ní àdúgbò wa kò tilẹ̀ béèrè ibi tí ó ti ń yún mi kí ó tó na irú ìpara bẹ́ẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ènìyàn kì í sì í dúró níwájú kíláàsì kí ó máa họ itan, nítorí náà ohun tí ó bá ti lè pa yíyún náà lẹ́nu mọ́ ti tó mi. Nígbà tí ó pẹ́, òrùka tí a fi ń dá làpálàpá mọ̀ ti parẹ́. Ohun tí ó kù jẹ́ àbàwọ́n gbàràmù kan tí kò ní etí, tí òrùka kéékèèké ń yọ nínú rẹ̀, ó ti kúrò ní àárín itan, ó ti gun ikùn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì là ní ilà fífẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí ó máa ń wà níkùn aboyún. Làpálàpá náà ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilà yẹn kò lọ, wọn kò sì ní í lọ mọ́. Awọ àárín itan, abẹ́ ọmú àti ojú a máa fa sítẹ́rọ́ìdì mu ju awọ ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn lọ, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tiyín fi ń kọ mí lóminú.

Dókítà awọ tí mo lọ bá kò kàn wò mí lókèèrè kí ó sì kọ oògùn. Ó fi abẹ ha èépá etí rẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ó kán kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní potassium hydroxide sí i kí awọ inú rẹ̀ lè yọ́, ó sì gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ní kí n wá wò ó fúnra mi: mo rí àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ya ẹ̀ka, tí wọ́n gba àárín èépá náà kọjá, làpálàpá náà gan-an nìyẹn. Àyẹ̀wò yìí kì í gba àkókò, ó sì dára kí ẹ béèrè fún un. Ẹ̀ka ìtọ́jú awọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó, bí ó bá ṣe pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ẹ wà.

Nígbà tí mo dá sítẹ́rọ́ìdì dúró, ó kọ́kọ́ burú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn gidigidi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sáré padà sídìí túùbù àtijọ́. Ojú ibẹ̀ gbóná, ó wú, ó yún mi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí pé ara ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sójú ìjà ni. Bí ẹ bá ti ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa ojú, tàbí tí ẹ ti lò ó fún oṣù púpọ̀ síbi tí ó gbòòrò, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bí ẹ óò ṣe máa dín in kù. Èyí tí kò tíì tàn púpọ̀, clotrimazole nìkan, tí wọn kò pò mọ́ nǹkan kan, lè ṣẹ́gun rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kí ẹ fi kọjá etí rẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sórí awọ tí kò tíì ní nǹkan kan, kí ẹ sì máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán lẹ́yìn tí kò bá hàn sójú mọ́. Ìpara terbinafine a máa yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí sítẹ́rọ́ìdì bá ti tàn káàkiri sábà máa ń gba oògùn oníhóró, èyí sì wà lọ́wọ́ dókítà, nítorí ẹ̀dọ̀, nítorí oyún, àti nítorí àwọn oògùn mìíràn tí ènìyàn lè máa lò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú tí ìwé inú páálí oògùn kì í sábà sọ. Wọ́n á ní etí làpálàpá máa ń pọ́n. Lára tiwa, ó lè dúdú tàbí kí ó rí bí eérú. Bí ó bá sì ti jiná tán, àpá dúdú yóò kù síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àpá lásán ni: kì í yún, kò ní èépá, bí ẹ bá fọwọ́ rà á, ó dọ́gba pẹ̀lú awọ tí ó yí i ká. Mo mọ obìnrin kan tí ó jẹ́ pé àpá yìí ni ó ń bá jà, tí ó ra ìpara ìbóra sí i, tí làpálàpá tuntun sì gba ibẹ̀ padà wọlé. Ẹ fi àpá sílẹ̀, yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú. Bí ibẹ̀ bá funfun, tí ó ń bó, ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìbàdí, kí ẹ sì máa wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wọ pátá, kí pátá má baà máa gbé e láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Ẹ máa nu abẹ́ ọmú gbẹ kí ẹ tó wọ kọ́múù, kí tówẹ́lì yín sì jẹ́ tiyín nìkan. Èmi máa ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ojú rírán pátá mi, nítorí ibẹ̀ ni ó ń sá pamọ́ sí.

Ẹnìkan ti dá a lábàá fún yín pé kí ẹ fi omi bátìrì pa á. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ásíìdì ni omi bátìrì, yóò jó awọ. Ní ti ewé asúnwọ̀n òyìnbó, n kò ní bẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ní agbára díẹ̀ lórí làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìtọ́jú èyí tí ó ti tàn. Bí ojú ibì kan bá ṣá lára ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí kò mọ ìfọwọ́kàn tàbí abẹ́rẹ́ mọ́, ìyẹn kì í ṣe làpálàpá, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹ̀tẹ̀. Láti ọdún 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pèsè oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti orí ọmọ yín yàtọ̀. Ìpara kankan kò ní í wo ìyẹn sàn, nítorí pé inú irun àti gbòǹgbò rẹ̀ ni làpálàpá orí ń gbé, ìpara kì í sì í dé ibẹ̀. Oògùn mímu ni yóò lò: dókítà lè kọ griseofulvin fún un, èyí tí ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí ó sì dára kí ó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ó lọ́ràá, irú bíi ẹyin díndín, kí ara lè gbà á dáadáa, tàbí terbinafine, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti tó. Ẹ má dá a dúró nítorí pé irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bí ojú ibẹ̀ bá wú, tí ó rọ̀, tí ọyún ń ti ìdí irun jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á bí eéwo. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, nítorí irú rẹ̀ lè mú kí irun má hù níbẹ̀ mọ́. Ẹ ra kílípà tirẹ̀ fún un, ẹ fọ kóòmù àti fìlà rẹ̀, kí ẹ sì tú orí àwọn ọmọ yòókù wò lójú oòrùn, pàápàá èyí tí wọ́n jọ ń sùn lórí ìrọ̀rí kan náà.