Bí Lẹ́tà Kámẹ́rà Bá Wọlé: Ìbéèrè Yín Lórí Eré Sísá Lójú Márosẹ̀ Òkè Òkun

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà lókè òkun ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí tó lọ kí ọmọ àti àwọn tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. A mú mẹ́fà nínú wọn. Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ èyí: lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ló sábà máa ń mú èèyàn, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n á fi ránṣẹ́, lẹ́tà náà á sì ní ọjọ́ lára. Ìtanràn fúnra rẹ̀ kì í sábà ju agbára ẹni lọ; ọjọ́ tí a bá jẹ́ kó kọjá ló ń sọ ọ́ di ẹjọ́ ńlá.

Àsàlámù àlékúmù. Mo lọ kí ọmọ mi ní Manchester, mo sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Birmingham lọ́jọ́ kan. Mo ti padà sílé kí lẹ́tà ọlọ́pàá tó dé bá a pé ọkọ̀ náà sá eré máìlì 84 láàárín wákàtí kan níbi tí kò ti gbọdọ̀ ju 70 lọ. Ọmọ mi ní òun máa kọ ọ́ pé òun lòun wà á, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ṣé kò séwu? — Àlàájì A., Adéta, Ìlọrin

Wàálékúmù sàlámù, Àlàájì. Ewu ń bẹ, ó sì ju ti eré lọ. Ẹ pe ọmọ yín lónìí, kó tó fọwọ́ sí ìwé náà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ọkọ̀ ni lẹ́tà máa ń lọ bá. Notice of Intended Prosecution ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìkìlọ̀ pé wọ́n lè pe awakọ̀ lẹ́jọ́, ó sì yẹ kó dé ọwọ́ onítọ̀hún láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí kámẹ́rà mú ọkọ̀ náà. Ìwé kan máa ń bá a rìn tó ń bèèrè pé: ta ló wà lẹ́yìn ọwọ́ ọkọ̀? Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ọmọ yín láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn: póìntì 6, àti ìtanràn tó lè tó £1,000. Bẹ́ẹ̀, eré tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀wé lè má ju £100 àti póìntì 3 lọ. Póìntì yìí ni àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún awakọ̀. Bó bá pé 12 láàárín ọdún 3, kóòtù lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ wíwà onítọ̀hún.

Bó bá wá parọ́ pé òun ló wà á, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọkọ̀. Òfin wọn kà á sí yíyí ìdájọ́ po, ẹ̀wọ̀n sì ń bẹ fún un. Chris Huhne tó ti jẹ́ mínísítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sá eré lọ́dún 2003, ìyàwó rẹ̀ ìgbà náà sì gba póìntì náà sórí ara rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2013, ilé ẹjọ́ rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n oṣù 8, 8. Ọmọ yín kò gbọdọ̀ ti ìfẹ́ òbí kó sírú ẹ̀.

Ohun tó máa ṣe kò le. Kó kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín, ọjọ́ ìbí yín, àdírẹ́sì yín ní Adéta àti nọ́mbà láísẹ́nsì Nàìjíríà yín. Kó fọwọ́ sí i, torí ìwé tí a kò fọwọ́ sí dà bí èyí tí a kò dá padà. Kó ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, kó sì gba rísíìtì ní póòsù. Lẹ́tà tiyín á wá wá lórúkọ tiyín. Fún 84 nínú 70, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọlọ́pàá máa ń fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ ẹni tí kò tíì ṣe irú ẹ̀ láàárín ọdún 3, dípò póìntì, àmọ́ ọwọ́ wọn nìyẹn wà. Ẹ ṣáà dáhùn kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, òun ló sì ń kọ wá lóminú jù: ṣé orúkọ yín wà nínú inṣọ́ránsì ọkọ̀ náà? Níbí, bí inṣọ́ránsì bá ti wà lára ọkọ̀, a gbà pé ó ti tán. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí wọ́n dárúkọ sínú ìwé nìkan ló sábà máa ń bò. Ìtanràn ẹni tó wakọ̀ láìsí i lè jẹ́ £300 àti póìntì 6, ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ̀ fún un náà sì jẹ̀bi. Bí ẹ bá tún máa lọ, kí ọmọ yín pe ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n fi orúkọ yín sí i fún iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń lọ ṣiṣẹ́ ní Leeds. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní títí ayé ni mo lè máa fi láísẹ́nsì Nàìjíríà wakọ̀ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Arábìnrin T., Tankẹ, Ìlọrin

Rárá o. Oṣù 12 péré ni, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti di olùgbé ibẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè bá pààrọ̀ láísẹ́nsì, nítorí náà ẹ máa ṣe ìdánwò bí ẹni tí kò wakọ̀ rí. Ẹ gba láísẹ́nsì akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, £34. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà jẹ́ £23, ti ojú títì jẹ́ £62 láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò ojú títì ṣọ̀wọ́n púpọ̀, èèyàn lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹwàá kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ síbi iṣẹ́ alẹ́.

Bí ẹ bá sì yege, ẹ ṣọ́ra fún ọdún 2 àkọ́kọ́. Póìntì 6 láàárín rẹ̀, wọ́n á gba láísẹ́nsì náà padà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Fóònù lọ́wọ́ lẹ́nu ọkọ̀ wíwà jẹ́ £200 àti póìntì 6. Ìpè kan ṣoṣo látilé, tí ẹ gbé lójú ìrìn, ti tó.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n, torí òun la ń lò níbí títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní ráńdábáòtù, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún yín ni ẹ máa yàgò fún, apá òsì lẹ sì máa gbà wọlé. Lórí mọ́tòwéè, ìyẹn márosẹ̀ wọn, ìlà apá òsì ni ilé yín. Ti ọ̀tún wà fún kíkọjá ọkọ̀ iwájú, ẹ kọjá, ẹ padà. Bí ẹ bá rí X pupa lókè ìlà kan, wọ́n ti tì í, bó tiẹ̀ mọ́ lójú yín. Ẹnì kan lè dákú sílẹ̀ níwájú. £100 àti póìntì 3 ni fún ẹni tó bá gbà á.

Máìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kìlómítà: 70 wọn jẹ́ nǹkan bíi 112 tiwa, 30 inú ìlú jẹ́ 48.

Wọ́n ní kò sí òpin eré lórí márosẹ̀ Jámánì. Mo ń lọ kàwé níbẹ̀, inú mi ti ń dùn. — K., Ọ̀fà

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Níbi tí kò bá sí àmì, òfin kò dá iye lé ọkọ̀ kékeré, kìlómítà 130 ni wọ́n gbani níyànjú. Bí o bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, kóòtù lè dá apá kan ẹ̀bi lé ọ lórí, kódà bí ẹlòmíràn ló ya lu ọ́. Àmì sì pọ̀ lójú ọ̀nà: 120, 100, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ 80. Àmì róbótó funfun tí ìlà dúdú dábùú rẹ̀ ló ń sọ pé òfin eré tó wà lẹ́yìn ti parí.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Kámẹ́rà ka 154 nínú 120. Wọ́n á yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún àṣìṣe ẹ̀rọ, tí wọ́n bá sún un sókè ó di 5, ó ku 149. O fi 29 kọjá: €150 àti póìntì 1, pẹ̀lú owó ìwé €28.50. Láti ọjọ́ tí ìwé ìtanràn náà bá dé ọwọ́ rẹ, ọ̀sẹ̀ 2 lo ní láti takò ó. Àwòrán ojú awakọ̀ ni wọ́n ń wò níbẹ̀, torí ẹni tó wakọ̀ ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ni ín.

Má ṣe gba ọ̀tún kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú. Bí ọkọ̀ bá dí pa, kí o má dúró dìgbà tí o bá gbọ́ fèrè: àwọn tó wà ní ìlà òsì pátápátá á fà sósì, gbogbo ìyókù á fà sọ́tùn-ún, kí ọ̀nà lè là láàárín fún ọkọ̀ àìsàn. Ẹni tó bá kọ̀, €200 ni, póìntì 2 àti oṣù kan láìwakọ̀. Tú láísẹ́nsì rẹ sí èdè Jámánì kí o tó jókòó sẹ́yìn ọwọ́ ọkọ̀; oṣù 6 péré ló fi wúlò lẹ́yìn tí o bá di olùgbé.

A háyà ọkọ̀ ní Ítálì fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Àwọn tó háyà rẹ̀ fún wa yọ €45 lórí káàdì mi lẹ́yìn oṣù 2, mo gbà pé mo ti san ìtanràn. Lẹ́yìn oṣù 8, lẹ́tà mìíràn tún dé láti Florence. Ṣé olè kọ́ ni? — Ìyá I., Òmù-Àrán

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà náà jẹ́ òótọ́. €45 yẹn kì í ṣe ìtanràn. Owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà fún fífi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá ni, ó sì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ìtanràn fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin Ítálì fún wọn ní ọjọ́ 360 láti fi ìwé jíṣẹ́ fún ẹni tó ń gbé nílẹ̀ òkèèrè, nítorí náà oṣù 8 kò pẹ́ lójú wọn.

Ó jọ pé ẹ wọ ZTL, àárín ìlú àtijọ́ tí ọkọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ láìgbàṣẹ. Àmì róbótó funfun tó ní etí pupa ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà sì ń ka nọ́mbà ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ bá wọlé, ìtanràn 3 ni.

Ẹ wo nọ́mbà ọkọ̀ tó wà nínú lẹ́tà, kó bá ti inú ìwé háyà mu. Ẹ wo ọjọ́ àti wákàtí, ṣé ọwọ́ yín lọkọ̀ wà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè san. Láàárín ọjọ́ 5 tí ìwé náà dé ọwọ́ yín, wọ́n á yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Títí di ọjọ́ 60, iye tí wọ́n kọ lẹ máa san. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìlọ́po. Ẹ kọ nọ́mbà ìwé ẹ̀sùn náà sára owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní mọ ti ta ni. Ẹ má san án lórí ìlànà tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Fún àwọn tó ṣì ń lọ: ẹ má kọ "ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" sínú ìwé háyà. Àpótí póòsù tàbí àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ ni kí ẹ kọ, kí lẹ́tà lè bá yín. Ní Ítálì àti Faransé, kìlómítà 130 ni òpin eré lórí márosẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ó di 110.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa tẹ búréèkì bí mo bá ti rí kámẹ́rà, kí n tún tẹná bí mo bá kọjá. — Ọ̀gbẹ́ni S., Ìgbàjà

Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Kámẹ́rà pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn àkókò láàárín ojúkò méjì. Àkọ́kọ́ á ka nọ́mbà yín àti ìṣẹ́jú tí ẹ kọjá, ìkejì náà á kà á, ẹ̀rọ á fi àkókò pín ìrìn náà. Níbi iṣẹ́ ojú títì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí eré jẹ́ 50, bí kámẹ́rà méjì bá fi máìlì 2 jìnnà síra, kò gbọdọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 24 lọ. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 2 gééré kọjá, 60 lẹ sá, bí ẹ tiẹ̀ rọra níwájú kámẹ́rà méjèèjì. Ítálì náà ní irú rẹ̀, Tutor ni wọ́n ń pè é.

Èyí tó burú jù ni búréèkì òjijì yẹn. Ní 70 máìlì, mítà 96 ni ọkọ̀ ń gbà kó tó dúró nílẹ̀ gbígbẹ: 21 kí ẹsẹ̀ tó kan búréèkì, 75 kó tó dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò retí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kámẹ́rà fúnni sì jẹ́ èèwọ̀ ní Faransé. Ìtanràn rẹ̀ lè tó €1,500, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín.

Mo fẹ́ fi ọkọ̀ ara mi gba Chíkàńdá lọ sí Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin. Kí ni mo nílò? — Oníṣòwò kan, Ọ̀fà Garage, Ìlọrin

Ìwé ọkọ̀, láísẹ́nsì, ìwé ìrìnnà, àti Brown Card ti ECOWAS, inṣọ́ránsì tí wọ́n fọwọ́ sí ní Cotonou lọ́dún 1982. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín ló ń kọ ọ́, kí ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin. Inṣọ́ránsì lásán tí ẹ ń lò níbí kò kọjá bọ́dà. Ẹ gba ìwé àyè ìwọlé ọkọ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó máa parí níwájú ẹni tó kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa. Eré inú ìlú jẹ́ 50, ẹ̀yìn ìlú 90.