Wọ́n sún gbèdéke síwájú, ṣé ìyẹn wá ní kí wọ́n máa fìyà jẹ oníbàárà?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó ń wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ dorí kọ: ìjọba gbé òfin tuntun jáde, wọ́n fún àwọn oníṣòwò láyè díẹ̀ kí wọ́n fi tún ilé wọn tò, làwọn kan bá ń fi àyè yẹn gba oníbàárà létí. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ gùn díẹ̀, mi ò gé e, torí inú bí mi nígbà tí mo kà á, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí i bó ṣe rí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ìbàdàn ni mo wà, léèsì àti áńkárá ni mò ń tà. Oṣù Nòfẹ́ńbà 2025 ni mo yá ₦60,000 lórí áàpù kan nítorí ọjà tó délẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi, owó tó wọ àkáǹtì mi gan-an ò pé iye tí wọ́n pè é. Ọjọ́ keje pé, mi ò tíì rówó, kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó ṣú wọ́n ti fi meséèjì ránṣẹ́ sí pásítọ̀ mi, ìyá ọkọ mi, àtàwọn oníbàárà tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi pé olè ni mí, wọ́n fi fọ́tò mi sí i. Mo ní màá fẹjọ́ wọn sun FCCPC, ọmọkùnrin tó ń pè mí wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ ka ìwé ìròyìn, pé òfin tuntun ò tíì bẹ̀rẹ̀, ìjọba ṣì fún àwọn láyè títí di Jánúárì. Mo ti san owó wọn tán o, tèlé-tèlé. Ṣé òótọ́ lohun tó sọ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Irọ́ ni. Ó mú òótọ́ díẹ̀ pò mọ́ ọn kó lè dùn ún gbọ́ ni, ẹ jẹ́ ká yọ òótọ́ yẹn jáde ká lè mọ ibi tó parí sí.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí: àjọ FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, gbé òfin tuntun jáde fáwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù Júláì 2025. Wọ́n fún wọn ní 90 ọjọ́ láti wá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà, nígbà tó yá wọ́n sún un dé ọjọ́ 5 oṣù Jánúárì 2026. Ẹ wò ó dáadáa, ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n sún. Ìwé tí wọ́n máa kọ, owó tí wọ́n máa san, mílíọ̀nù kan náírà fún áàpù méjì, ₦500,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un títí dé márùn-ún, nǹkan wọ̀nyẹn ló ní gbèdéke. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé títí Jánúárì ẹ lè máa pe ìyá ọkọ oníyàwó ní ìyá ọkọ olè.

Ìwà tí wọ́n hù sí yín yẹn, òfin ti lòdì sí i tipẹ́. Òfin tó dá FCCPC sílẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, lára ohun tó kọ̀ ni kí oníṣòwò máa fi ìhalẹ̀ àti ìtìjú gba owó. Òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn wà láti Júùnù 2023, nọ́ńbà pásítọ̀ yín kì í ṣe ohun tí ẹ lè yá ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ áàpù tó lọ jí i kó. Láyé ọjọ́un tí kò tiẹ̀ tíì sí òfin kankan tó dárúkọ lón orí fóònù, Ọ́gọ́ọ̀sì 2021, àjọ NITDA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún ìjọba àpapọ̀, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé iléeṣẹ́ kan lórí nítorí irú meséèjì báyìí gan-an. Máàṣì 2022, FCCPC àtàwọn àjọ míì gba àṣẹ kóòtù, wọ́n ya bo ọ́fíìsì àwọn ayánilówó n'Ìkẹjà, wọ́n sì ní kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn kan pa. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ìlànà ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn kan náà, ìyẹn pàápàá wọ́n sún ọjọ́ ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ní kò sófin, ẹ bi í pé òfin wo ni wọ́n fi ti ọ́fíìsì àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2022.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé FCCPC ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo èyí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sún ọjọ́, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé pé ìforúkọsílẹ̀ nìkan la sún, ìwà ò sí níbẹ̀. Torí pé ìkéde "a ti sún un" ni gbogbo ayé máa ń gbọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pe onígbèsè lálẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń lò ó.

Ohun tí ẹ máa ṣe báyìí. Ẹ má pa meséèjì kankan rẹ́. Ẹ bá mi bẹ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, pásítọ̀ náà, kí wọ́n ya screenshot tiwọn kí nọ́ńbà àti aago hàn níbẹ̀, torí tiwọn ló lágbára jù, ẹ̀rí pé ẹlòmíì gbà á ni. Ẹ kó rìsíìtì ibi tí ẹ ti san owó náà mọ́ ọn. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ lórí ìméèlì, kó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ sọ fún wọn, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, ẹ sì gbé apá tó kan nọ́ńbà àti fọ́tò lọ sọ́dọ̀ àjọ NDPC tó ń rí sí dátà. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n hu ìwà náà sókè ìwé yín, ẹ má gbàgbé, ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ òfin tí wọ́n máa lò. Tiyín bọ́ sí lẹ́yìn Júláì 2025, òfin tuntun náà ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ìyà inú ẹ̀ sì le: owó ìtanràn lè dé ₦100 mílíọ̀nù tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún iléeṣẹ́ náà lọ́dún, wọ́n sì lè ní kí ọ̀gá ibẹ̀ má ṣe dárí iléeṣẹ́ fún ọdún márùn-ún.

Ẹ tún lọ wo orúkọ áàpù náà lójú ìkànnì FCCPC, wọ́n máa ń to àwọn tó gba àṣẹ tó pé síbì kan, àwọn tó gba àṣẹ onímájẹ̀mú síbì kan, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ náà wà lọ́tọ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó gba àṣẹ, ẹ má rò pé ẹjọ́ yín ti bọ́ nìyẹn o. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ló ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tí kò sí lórúkọ rárá ló máa ń nira mú, ó lè yí orúkọ padà lọ́la kó tún gba ibòmíì yọ. Ní ti ojú tó ń tì yín, ìyẹn ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ fi ìwé ẹ̀sùn yẹn han pásítọ̀ yín kí òun náà bá yín fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ìbéèrè: Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa yíyá owó, àmọ́ gbogbo ìgbà tí káàdì fóònù wọn bá tán, wọ́n á rí i pé wọ́n ti yá wọn ní airtime, tí a bá wá ra káàdì wọ́n á ge e. Ṣé ó bófin mu? Látọ̀dọ̀ ọmọ Ìlọrin.

Ìdáhùn: Yíyá èèyàn lówó tàbí airtime láì jẹ́ pé ó béèrè, òfin Júláì 2025 yẹn kọ̀ ọ́ tààrà. Ẹ kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ tí wọ́n ń lò kí wọ́n pa á, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà náà lẹ máa fi kọ̀wé sí FCCPC.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní gáréèjì l'Abẹ́òkúta, ọtí inú ọ̀rá ló ń yá jù lọ́wọ́ mi. Ní 2024 wọ́n ní ó ti tán, mo ta tèmi lọ́pọ̀ kí wọ́n má bàa kó o, ká tó ṣẹ́jú ó ti padà. Ìparí 2025 wọ́n tún ní ó tán pátápátá. Kí ni kí n gbà gbọ́? Oníhólúséèlì mi ní kí n kó páálí ogún sílẹ̀ torí ó máa wọ́n.

Ìdáhùn: Àbúrò, má kó páálí ogún. Jẹ́ kí n to ìtàn ẹ̀ fún ẹ kó o lè rí ìdí.

Dìsẹ́ńbà 2018 ni iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, NAFDAC, FCCPC àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọtí jọ fọwọ́ sí ìwé pé ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò kékeré tí kò tó 200ml máa kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ dín iye tí wọ́n ń ṣe kù dé ìdajì, NAFDAC náà ò sì forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́ láti Jánúárì 2022. Ọjọ́ 31 Jánúárì 2024 ni gbogbo ẹ̀ yẹ kó parí. Ó ju ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n fi múra. Fẹ́búárì 2024 wọlé, NAFDAC bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ sí iléeṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ọ̀rá, àwọn òṣìṣẹ́ jáde pé iṣẹ́ àwọn máa lọ, ilé aṣojú-ṣòfin dá sí i, wọ́n wá sún un dé Dìsẹ́ńbà 2025. Nòfẹ́ńbà 2025, àwọn sẹ́nétọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má tún sún un mọ́, ọ̀gá NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ní òun ti ṣe tán. Dìsẹ́ńbà yẹn kan náà, ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná.

Ó yé mi bó ṣe ń dà ẹ́ láàmú. Èmi fẹ́ kó kásẹ̀ nílẹ̀, mo sọ ọ́ tinútinú, torí ohun tí ọmọdé lè rà ní owó péréte kó sì fi sápò yúnífọ́ọ̀mù láìsí ẹni tó máa rí i, ewu ni, ohun tí NAFDAC náà ń sọ nìyẹn. Àmọ́ mo tún rí i pé nígbà tí gbèdéke bá ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, iléeṣẹ́ ńlá ní lọ́yà àti ẹgbẹ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀ l'Abùjá, ìwọ lo dá wà pẹ̀lú páálí nínú ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà ni mo ṣe ní kó o má kó o. Oníhólúséèlì tó ń sọ fún ẹ pé ó máa wọ́n, òun náà fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun ni kó tó di pé wọ́n dé. Ra èyí tó o lè tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, sọ fún un kó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun máa gba èyí tó bá ṣẹ́ kù padà bí àṣẹ bá jáde, tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, o ti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó díẹ̀díẹ̀ kún ọjà míì, mínírà, omi, bísíkíìtì, kó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá di òfin gidi kò ní gbé ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ. Bí wọ́n sún un bí wọn ò sún un, má ta á fún ọmọ tí kò tíì pé 18.

Ìbéèrè: Mo kí yín láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù o. Mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì orin fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi, £45 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìgbà tí mo máa sanwó tán ó ti di £61, wọ́n ní owó iṣẹ́ ni, owó bùkíìnì ni. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní òfin tuntun ni, CMA, ìyẹn àjọ tó ń gbèjà oníbàárà níbí, ṣì ń fún àwọn iléeṣẹ́ láyè.

Ìdáhùn: Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n dì pọ̀. Òfin tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ wà, òfin tó ti bẹ̀rẹ̀ àmọ́ tí àjọ ní òun máa kọ́kọ́ rọra ṣe sì wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkíní dáhùn ìkejì.

Òfin oníbàárà tuntun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 6 Épírì 2025, lórí owó tí wọ́n ń tì mọ́ ọjà nígbà tó bá kù díẹ̀ kí èèyàn sanwó. Tẹ́lẹ̀, CMA gbọ́dọ̀ gbé iléeṣẹ́ lọ sí kóòtù, ní báyìí òun fúnra ẹ̀ lè dá ẹjọ́ náà, kó sì bu owó ìtanràn tó lè dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń wọlé fún wọn káàkiri àgbáyé. Lóòótọ́ CMA sọ pé níbẹ̀rẹ̀ àwọn tó burú jù lòun máa kọ́kọ́ dojú kọ, lórí àgbéyẹ̀wò irọ́ tí wọ́n ń kọ nípa ọjà ó fún wọn lóṣù mẹ́ta tó fi ń là wọ́n lọ́yẹ̀. Àmọ́ ní 18 Nòfẹ́ńbà 2025, ó ṣí ìwádìí lórí iléeṣẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọ̀rọ̀ iye owó àti ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kán oníbàárà lójú kó sanwó, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú wọn, ó sì kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ míì. Èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni ti sísanwó oṣooṣù, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń yọ owó lọ́wọ́ yín títí ẹ fi gbàgbé, ní 2025 ìjọba sún ìyẹn dé ìgbà ìkórè (autumn) 2026 ó kéré tán. Tíkẹ́ẹ̀tì yín ò sí níbẹ̀.

CMA kì í gba owó ẹnì kọ̀ọ̀kan padà fún un, nítorí náà Citizens Advice, ẹgbẹ́ tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn, ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ fi àwòrán ojú ewé tó ní £45 àti èyí tó ní £61 ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú lẹ́tà tí iléeṣẹ́ náà kọ sí yín pé wọ́n ṣì ń fún àwọn láyè, àwọn ló máa ń kó irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ jọ tí Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣọ́ oníṣòwò, àti CMA fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa kàn lẹ́yìn. Lẹ́tà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.