Gíábọ́ọ̀sì irin tuntun nínú táǹkì ogun oní-rìmóòtù: kí ló yẹ kó ṣáájú gíríìsì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ọmọ mi lọ wo Tiger 131 ní Bovington, ilé àkójọ táǹkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; táǹkì Jámánì ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Tùnísíà lọ́dún 1943. Ọmọ ò jẹ́ kí n sinmi títí a fi ra Tiger I kékeré oníwọ̀n 1/16. Gíábọ́ọ̀sì oníke inú rẹ̀ ti bó léyín, mo wá ra onírin méjì, tọ̀tún tòsì. Ariwo wọn pọ̀ gan-an, táǹkì sì ń yà sí òsì nígbà tí mo bá ní kó lọ tààrà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín sáàárín gíà kó máa yí; ẹlòmíì ní kí n rọ gíríìsì kún inú rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì bá mi kí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ọ̀kankan. Ohun tí gíábọ́ọ̀sì yẹn ń fẹ́ ni kí eyín rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ara wọn nígbà tí kò sí ẹrù lórí wọn, kí ẹ fọ gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ jáde dànù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi gíríìsì sí i. Fífọ̀ tó wà láàárín yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, fífò ọ́ yẹn ló sì ń pa gíà.

Eyín gíà tuntun kì í dán tó bí ojú ṣe ń rí i. Ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e ṣì máa ń mú. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹnu mímú wọ̀nyẹn á máa bó díẹ̀díẹ̀, á di ẹ̀tù irin. Bí gíríìsì bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni ẹ̀tù náà máa há sí, gíríìsì tó yẹ kó dáàbò bo eyín á wá máa gé e.

Ẹ mú òòfà kékeré kan, ẹ fi kan gíà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òòfà bá fà, irin líle ni. Èyí tí kò bá fà, tó ń dán bíi fàdákà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síǹkì àpòpọ̀, bí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára páálí pé irin ni. Síǹkì rọ̀, ó sì tètè ń jẹ, nítorí náà ìdajì àkókò yíyí tí màá sọ nísàlẹ̀ ti tó o.

Ẹ yọ gíábọ́ọ̀sì méjèèjì kúrò nínú táǹkì, ẹ tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára wọn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti kẹrosíìnì fọ gíà, ẹ gbá gbogbo gíríìsì ilé iṣẹ́ kúrò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má lo pẹtiróòlù nínú ilé, iná ni. Ẹ fi ọwọ́ yí gíà kó lọ yípo pátápátá. Bí ó bá ń há níbì kan ṣoṣo tó sì ń já geere níbi tó kù, ẹ wo eyín tó wà níbẹ̀ dáadáa lábẹ́ iná: ó lè jẹ́ pé irin kékeré kan yọ lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ha irin, á gbé e kúrò. Bí ó bá há yípo, ẹ dẹ àwọn síkúrúù tó di àwo irin méjèèjì tí gíà wà láàárín wọn mú díẹ̀. Ìgbà púpọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n fún apá kan ju èkejì lọ, ọ̀pá gíà sì wọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ dá ẹ́ńjìnnì padà, ẹ gé bébà ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi í sáàárín gíà kékeré orí ẹ́ńjìnnì àti gíà ńlá tó ń yí. Ẹ ti ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, ẹ fún síkúrúù, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí bébà náà jáde. Bí bébà bá hunjọ ṣùgbọ́n tí kò ya, ààyè tó wà láàárín wọn dára. Bí ó bá ya, wọ́n sún mọ́ra jù. Mo rò pé ìdajì ariwo tí ẹ ń gbọ́ wà níbí yìí.

Nígbà yìí ni kó wá sáré. Ẹ kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú ti ẹ̀rọ ìránṣọ, sórí eyín. Ẹ má lo bátìrì táǹkì. Ẹ to bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá méjì, ìyẹn agbára iná fóltì 3, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kó yí síwájú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ pààrọ̀ wáyà kó yí sẹ́yìn fún iye ìṣẹ́jú kan náà. Ìyẹn náà á jẹ́ kí kábọ̀nù inú ẹ́ńjìnnì, èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, jókòó dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná débi pé ẹ ò lè fi ìka lé e, ẹ dúró. Ẹ ó rí i pé ọ́ìlì tó funfun nígbà tí ẹ kán an ti dúdú. Ẹ̀tù irin nìyẹn. Ẹ tún tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ nínú abọ́ títí omi ìfọ̀ kò fi ní dúdú mọ́, kẹ́ ẹ sì fi òòfà gba ìsàlẹ̀ abọ́ náà wò.

Kí ẹ tó parí, ẹ fi máákà kun eyín bíi mélòó kan, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìnkì bá nù kúrò láàárín eyín, ó ti fara mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló nù, ọ̀pá ṣì wọ́ níbì kan, ẹ padà sídìí síkúrúù.

Ọṣẹ ìfọyín, àti Brasso, ohun tí wọ́n fi ń dán irin, táwọn kan tún ń lò, mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó ń ha nǹkan kì í dúró sórí eyín nìkan. Ó máa ń wọ inú bọ́ọ̀ṣì idẹ tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀. Idẹ rọ̀, ohun náà á rì sínú rẹ̀, á sì máa jẹ ọ̀pá irin lọ láìdáwọ́ dúró, fífọ̀ kò sì ní yọ ọ́. Nígbà tí ihò bá ti fẹ̀, ariwo tí ẹ ń sá fún á tún wá le ju tàtijọ́ lọ.

Fún gíríìsì, ẹ lo èyí tó ní lítíọ́ọ̀mù tàbí molybdenum. Gíríìsì sílíkónì dára fún gíà oníke, ṣùgbọ́n kì í gba ìnira tó wà láàárín irin àti irin. Ẹ fi igi ìtayín gbé e, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan fún gíà kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i kó tàn dé gbogbo eyín, kẹ́ ẹ nu èyí tó bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gíábọ́ọ̀sì yìí ò ní ìdérí; bí ẹ bá rọ ọ́ kún, á fọ́n ká inú táǹkì, á sì máa kó eruku àti irun kápẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Inú bọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ́ kí epo kankan kan kábọ̀nù ẹ́ńjìnnì. WD-40, ọ́ìlì tí wọ́n ń fín, dára fún fífọ nǹkan, àmọ́ kì í ṣe òun ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀; á fọ gíríìsì yín lọ ni.

Ní ti yíyà sí òsì, ẹgbẹ́ òsì ló ń lọ́ra. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ wọn iná tí gíábọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń fà lórí bátìrì kan náà, ṣáájú àti lẹ́yìn sísáré. Iye rẹ̀ yẹ kó wálẹ̀, kí méjèèjì sì sún mọ́ra. Bí ti òsì bá ṣì ń fà jù, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì ọ̀tún sí i wò. Bí ó bá dára lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì lẹ ó pààrọ̀, kì í ṣe gíà. Ẹ tún wo ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ táǹkì: bí ti òsì bá le ju ti ọ̀tún lọ, kò sí gíríìsì tó lè gbà á sílẹ̀. Kó rọ̀ díẹ̀ lókè.

Ariwo tó lọ geere láìyí padà, tí ń ga bí ìrìn ṣe ń yá, ìwà gíà irin nìyẹn, kò ní tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nígbàkígbà tí gíà bá yípo, eyín kan ti kán tàbí ó ti ní àbùkù, ẹ má sì wà á títí ẹ ó fi rí i. Ẹ jẹ́ kó rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́, láìgun òkè. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo bátìrì kíkún bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ṣí i wò. Bí gíríìsì bá ti dúdú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.